Máíkì Méjì àti Ohùn Nímọ́tà

Níwájú ìsọ̀ ẹni tó ń ta rédíò tòkunbọ̀ n'Íkòtún ni Zacchaeus ti kọ́kọ́ rí Nímọ́tà, lọ́dún 1991. Zacchaeus fẹ́ máa gba orin ìjọ Aládùúrà wọn sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, ló bá ń dán máíkì olówó pọ́ọ́kú méjì wò, tínínrín bíi bírò. Bátìrì ni Nímọ́tà wá rà.

"Sìstá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọrin díẹ̀ sí i. Ohùn tèmi ò dáa."

Nímọ́tà rẹ́rìn-ín, ó kọrin. Máíkì kan ń hó ṣììì. Èkejì gbé ohùn rẹ̀ jáde ketekete, ọkàn Zacchaeus sì bá ohùn náà lọ. Èyí ló rà.

Kò pẹ́ tí Nímọ́tà fi ń wá kọrin fún un l'Ẹ́gbẹ̀dá. Wọ́n á fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé kí ariwo mọ́tò má baà wọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ràn ara wọn.

Ṣùgbọ́n Alhaji Jàfárù, bàbá Nímọ́tà, tí í ṣe ọmọ onílẹ̀ n'Ígàndó, fárígá. "Ọmọ tèmi, kó fẹ́ aláṣọ funfun? Láéláé!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Zacchaeus gbọ́ súfèé kan lábẹ́ orin. Ó pààrọ̀ bátìrì, súfèé ò lọ. Ó bá lọ yá máíkì tó ń hó ṣììì yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ń ta rédíò. Tòun ti híhó rẹ̀, súfèé náà ṣì ń dún níbẹ̀.

"Nímọ́ mi, má kọrin mọ́. Ṣáà máa mí."

Ó mí. Súfèé dún. Ẹ̀rù ba Zacchaeus.

"Àyà ti ń dùn mí tipẹ́, olólùfẹ́ mi," ni Nímọ́tà wí. "Mi ò fẹ́ kí ọkàn rẹ dàrú ni."

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Zacchaeus ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ń fún un lẹ́kọ mu, ó ń nu ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Alhaji ń wò ó.

"Bàámi, ẹ jẹ́ kó fẹ́ mi," ni Nímọ́tà bẹ̀bẹ̀.

Alhaji kọjú sí ògiri. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, Nímọ́tà ti kú.

Nídìí sàréè, àwọn ẹbí ti Zacchaeus sẹ́yìn.

"Ta tiẹ̀ lèyí?" ni ẹ̀gbọ́n Nímọ́tà jágbe.

Alhaji bọ́ síwájú. "Ọkọ rẹ̀ ni. Ẹ kúrò lọ́nà, kó gba ìyàwó rẹ̀."

Zacchaeus sọ̀ kalẹ̀ sínú sàréè, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè láti gbà á.