Afínjú Fọ Fóònù Màmá Àgbà

Afínjú ni wọ́n ń pè é nílé. Kò sí ohun tó máa rí tí kò ní fọ̀.

Ó máa ń fọ ife. Ṣìn-ìn, ṣìn-ìn!
Ó máa ń fọ bàtà. Ṣìn-ìn, ṣìn-ìn!
Ó ti fọ ológbò rí. Ológbò kò jẹ́ kó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, eyín iwájú Afínjú ká. Bó bá fẹ́ atẹ́gùn gba àlàfo náà, á dún: fììì!

"Akáyín!" Màmá Àgbà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Màmá Àgbà, ẹ̀yin náà ò ní eyín níwájú!"

"Òótọ́ ni o. Akáyín pàdé akáyín." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí.

Bàbá Afínjú ni ọmọ Màmá Àgbà. Inú ọkọ̀ ojú omi ló ti ń ṣiṣẹ́, ó jìnnà réré.

Ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, ó máa ń pe fóònù Màmá Àgbà. Ojú rẹ̀ á yọ nínú fóònù, Afínjú á sì juwọ́ sí i.

"Lónìí, Bàbá máa rí àlàfo mi!" ni Afínjú wí.

Ó wo fóònù. Háà! Ìdọ̀tí ti bo ojú rẹ̀. Báwo ni Bàbá ṣe máa rí àlàfo báyìí?

Màmá Àgbà wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ.

Afínjú bu omi sínú abọ́. Ó da ọṣẹ sí i. Ó ri fóònù bọ̀ ọ́. Ṣìn-ìn, ṣìn-ìn, ṣìn-ìn!

Fóònù mọ́ tónítóní. Ó ń dán gbinrin.

Ṣùgbọ́n iná rẹ̀ ti kú. Afínjú tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ fóònù lẹ́nu. Omi nìkan ló ń kán lára rẹ̀: tó, tó, tó.

Afínjú sáré wọ yàrá. Ó fi fóònù pa mọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ìrọ̀rí náà rin gbindin.

Màmá Àgbà wọlé. "Fóònù mi dà?"

Afínjú wo òkè. Ó wo ilẹ̀. Ó wo ìrọ̀rí.

"Èmi ni, Màmá Àgbà. Mo fọ̀ ọ́ ni. Ọṣẹ ni mo fi fọ̀ ọ́."

"O ṣe kí ni? Yéè, mo gbé!"

Màmá Àgbà ki fóònù bọ inú ìrẹsì. "Wọ́n ní ìrẹsì máa ń fa omi mu."

Wọ́n dúró. Wọ́n dúró títí. Ìrẹsì ò wí nǹkan kan. Fóònù náà ò wí nǹkan kan.

"Ó yá, wọ bàtà ẹ. Ọ̀dọ̀ Àǹtí Onífóònù yá."

Àǹtí Onífóònù ló ń tún fóònù ṣe ládùúgbò. Tábìlì rẹ̀ kún fún nọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń de fóònù.

Ó tú ẹ̀yìn fóònù. Kó! Hóró ìrẹsì kan jábọ́.

"Ta ló ń se oúnjẹ nínú fóònù?" ni Àǹtí Onífóònù bi wọ́n.

Ó mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Ó ta oògùn kan sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ inú fóònù. Ṣìn-ìn, ṣìn-ìn!

Afínjú lanu. "Háà! Ẹ̀yin náà ń fọ fóònù!"

"Mò ń fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n omi kọ́ ni mo fi ń fọ̀ ọ́. Oògùn yìí máa ń gbẹ kíá. Omi kì í gbẹ bọ̀rọ̀ nínú fóònù."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó dúró. Ó mi orí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Fóònù yìí ti bàjẹ́ pátápátá."

Afínjú bú sẹ́kún. "Bàbá máa pè, a ò ní gbọ́!"

"Dúró ná, má sunkún." Àǹtí Onífóònù yọ ike pẹ́ńpẹ́ kan nínú fóònù. Kò ju èékánná Afínjú lọ. "Síìmù rèé. Omi ò ba èyí jẹ́. Inú rẹ̀ ni nọ́ńbà Màmá wà. Ẹ ò ní fóònù mìíràn nílé?"

Màmá Àgbà ronú. "Fóònù onítọ́ọ̀ṣì mi àtijọ́! Ó wà nínú àpótí aṣọ!"

Wọ́n yára délé. Wọ́n ki síìmù bọ inú onítọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fi ṣájà sí i. Wọ́n jókòó tì í.

Oòrùn ń wọ̀.

Kiríín! Kiríín!

"Bàbá!"

"Ọmọ mi! Kí ló dé tí mi ò rójú ẹ lónìí?"

"Mo fọ fóònù Màmá Àgbà, ó sì bàjẹ́. Ẹ má bínú, Bàbá. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí nǹkan kan lẹ́nu mi ni. Onítọ́ọ̀ṣì ò lè fi hàn yín."

Afínjú ronú díẹ̀. Ó wá gbé ẹnu sún mọ́ fóònù.

Fììì!

"Kí nìyẹn?" ni Bàbá bi í.

Fììì!

"Háà! Eyín ẹ ti ká! Mo gbọ́ àlàfo ẹ! Akáyín bàbá ẹ̀!"

Inú Afínjú dùn, ó fò sókè.

Màmá Àgbà náà gba fóònù. Fììì!

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí o! Èwo ni ọmọ mi, èwo ni ìyá mi báyìí?"

Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, itọ́ ti ta sí ara fóònù. Afínjú dìde.

"Afínjú! Níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ mú aṣọ ni, Màmá Àgbà. Aṣọ gbígbẹ!"