Ìràwọ̀ Kẹta Nínú Ààrò

Ọmọbìnrin náà tẹsẹ̀ bọ àárín ọ̀run, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé ìràwọ̀ kan.

Orí pápá ilé ìwé wa ní Chakanhá ni ọ̀run ọ̀hún wà, létí adágún Petén Itzá. Eliseo Tesucún, tísà ìṣirò, ló fi òkúta tò ó sílẹ̀ láti àárọ̀ Sátidé, òkúta kan fún ìràwọ̀ kan. Bàtà dúdú rẹ̀ tó ń dán gbinrin ló wọ̀ ṣe iṣẹ́ náà, torí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí oníròyìn lè kọjá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́! Ìràwọ̀ mi nìyẹn!"

Ọmọbìnrin náà wo òkúta ọwọ́ rẹ̀, ó wo tísà. Okùn agbọ̀n tó gbé pọ̀n gba iwájú orí rẹ̀, èso igi ramón sì kún agbọ̀n náà dé ẹnu. Òógùn ń dán lọ́rùn rẹ̀. Eliseo, tó mọ iye ìràwọ̀ ojú ọ̀run ní àkọ́sórí, gbàgbé iye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ọ̀kan nínú òkúta ààrò ìyá mi ló là sí méjì láàárọ̀ yìí," ọmọbìnrin náà wí. "Ìkòkò wa ń mì. Ìwọ̀n èyí bá a mu."

"Ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ gbé! Àwọn baba ńlá wa rí ààrò lójú ọ̀run, òkúta mẹ́ta, tòun ti èéfín láàárín. Ìkẹta lẹ gbé yẹn!"

"Ìràwọ̀ ààrò ni?"

"Òun ni!"

"Ó dáa nígbà náà, tísà. Ibi tó yẹ kó lọ náà ló ń lọ."

Ó jù ú sórí èso, ó bá tirẹ̀ lọ. Delfina Cohuoj lorúkọ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Eliseo ti ń lọ kí ìràwọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìràwọ̀ ti dúdú fún èédú, ṣùgbọ́n Eliseo kò ṣíwọ́ lílọ. Yóò jókòó ti ààrò, Delfina yóò fún un ní búrẹ́dì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ramón ṣe, yóò jẹ, yóò sọ̀rọ̀, yóò tún jẹ, yóò tún sọ̀rọ̀. Ìlú àtijọ́ méjì tí wọ́n ti rí nínú igbó wa, ló wí, ṣe rẹ́gí pẹ̀lú òkúta ààrò méjì lójú ọ̀run. Ìlú kan gbọ́dọ̀ wà fún ìkẹta.

"Bó o bá rí i ńkọ́?" Delfina bi í.

"Gbogbo ayé á mọ orúkọ mi!"

"Èmi ti mọ̀ ọ́n. Kí lo fẹ́ fi gbogbo ayé ṣe?"

Eliseo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbọ́. Àtẹ́wọ́ ti kún etí rẹ̀.

Ní oṣù kejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní olú ìlú fi àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè ránṣẹ́ sí i. Eliseo ṣí i sórí kọ̀ǹpútà ilé ìwé, ó wá ibi tí ìṣirò rẹ̀ tọ́ka sí. Láàárín igbó tó tẹ́ lọ bíi kápẹ́ẹ̀tì, igun mẹ́rin! Ó gún régé bí ẹni fi rúlà fà á! Ọ̀nà tóóró kan sì lọ tààrà wọ inú rẹ̀!

Tísà fò sókè, ó forí gbá fèrèsé, kò mọ̀ ọ́n lára. Ó sáré jáde. Ilé Delfina kọ́ ló sáré gbà. Ilé iṣẹ́ rédíò ló gbà. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ó ti kéde ohun tó pè ní Ìlú Tesucún. Wọ́n lu aago ìjọ. Àwọn tí kò kí i rí wá ń dì mọ́ ọn. Ní Ọjọ́bọ̀, iṣẹ́ dé láti olú ìlú: àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba á dé ní Mọ́ńdè láti fi wáyà yí ibẹ̀ ká; àdá tàbí ọkọ́ kankan ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló tó rántí gbé àwòrán tó ti tẹ̀ sórí bébà lọ han Delfina. Delfina fi ìka lé ọ̀nà tóóró náà.

"Kí lèyí?"

"Òpópónà ọba!"

"Ọ̀nà tí bàbá mi ń gbà ru àgbàdo wálé ni. Àmì kékeré yìí ńkọ́?"

"Tẹ́ńpìlì ni."

"Abà wa ni. Èmi ni mo bo òrùlé rẹ̀. Eliseo, oko wa lo sọ di ìlú."

"Bóyá ìlú wà lábẹ́ àgbàdo náà…"

"Ogún ọdún ni bàbá mi ti ń ro ibẹ̀. Bí ọba bá sùn síbẹ̀, ì bá ti jí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Don Macario, bàbá rẹ̀, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́.

"Bí wọ́n bá fi wáyà yí oko yẹn ká, kí la ó jẹ?" Ohùn rẹ̀ kò ga. "Gbọ́ mi dáadáa, tísà. O ò lè gba oko mi kó o tún wá gba ọmọ mi."

Eliseo délé, ó dúró níwájú dígí, níbi tó ti ń fi ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá àwọn ará olú ìlú sọ dánra wò. Ó ya irun rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn pàtàkì…" Ẹnu tó rí nínú dígí kò wù ú mọ́.

Ní àárọ̀ Sátidé, nígbà tí gbogbo ilé ń gbọ́ ìkéde òkú lórí rédíò, ó padà sí ilé iṣẹ́ náà.

"Èmi Eliseo Tesucún, mo ṣírò ọ̀run, mo gbàgbé ilẹ̀. Ibi tí mo pè ní ìlú, oko àgbàdo don Macario Cohuoj ni. Kí ẹnikẹ́ni má fi wáyà kàn án. Àgbàdo ibẹ̀ dùn. Èmi náà ń jẹ nínú rẹ̀."

Àwọn ará olú ìlú ò wá mọ́. Gbogbo abúlé sì sọ tísà ní Ọba Àgbàdo.

Ní Mọ́ńdè, ẹnì kan kanlẹ̀kùn rẹ̀ ní kùtùkùtù. Don Macario ni, àdá méjì lọ́wọ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ a máa kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lóko bàbá rẹ̀, bàbá kì í sì í pe ẹni tí kò bá fẹ́.

"Kábíyèsí," ló wí, "koríko ti bo ààfin yín."

Eliseo gba àdá náà bí ẹni gba adé.

Ọwọ́ rẹ̀ bó, ó sì le. Ẹrọ̀fọ̀ jẹ bàtà dídán. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n jókòó lábẹ́ abà, Delfina sì tú àwòrán ọjọ́sí. Ó fi ìka lé ibi kan tó jìnnà sí oko, níbi tí àwọ̀ ewé ti ṣókùnkùn.

"Kí lo rí níbí?"

"Igi."

"Ramón ni gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣa èso láti ọmọ ọdún méjìlá. Wọn kì í pọ̀ tó yẹn àfi lórí òkúta tí èèyàn tò."

Eliseo ti dìde. "Delfina! Kí ló dé tí o ò fi sọ fún mi?"

"Ìwọ lo ń sọ̀rọ̀."

Wọ́n ò rìn, wọ́n sáré. Lábẹ́ àwọn igi náà, òkè kékeré kan ní àtẹ̀gùn! Gbòǹgbò di òkúta mú bí ọwọ́ ìyá. Eliseo fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìdọ̀tí kúrò lára ọ̀kan, ojú èèyàn kan tí wọ́n gbẹ́ sí i sì wò ó padà. Kò sí ìràwọ̀ ààrò kankan tó bá ibẹ̀ mu. Ó la ẹnu láti pariwo, ó pa á dé.

"Ta ni yóò sọ fún rédíò?" Delfina bi í.

"Ìwọ. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

"Mi ò ní pè é ní Ìlú Tesucún o."

"Má pè é bẹ́ẹ̀. Èèyàn ni mo fẹ́ fún ní orúkọ yẹn báyìí, kì í ṣe ìlú. Bó bá wù ọ́, olùfẹ́ mi."

Delfina wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti le, ó dì í mú. "Koríko bàbá mi ò tíì tán," ló wí, ẹ̀rín sì gba ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ilé tuntun, ààrò tuntun: Eliseo gbé òkúta méjì wá láti oko. Kó tó padà lọ wá ìkẹta, ìyá Delfina wọlé, ó gbé òkúta dúdú kan mọ́ àyà, èédú ti ba aṣọ ọdún rẹ̀ jẹ́.

"Tísà," ló wí, "ìràwọ̀ rẹ rèé."

Delfina gbé ìkòkò lé e. Ìkòkò náà kò mì.