Orúnkún Ìyá Fáìlì

Bébà tí mo gbé sínú sikánà tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ tó jáde lójú kọ̀ǹpútà, etí rẹ̀ kan ká. Mo mú bébà náà wò, kò ká. Mo tún un yà. Àwòrán tún ká, lókè lápá ọ̀tún, níbi tí Ìyá Fáìlì máa ń ká ìwé sí nígbà ayé rẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti fi itọ́ sí àtàǹpàkò.

Mo ní ẹ̀rọ náà ti gbó. Ohun tí èèyàn máa ń sọ nìyẹn kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ jẹun.

Ibùsùn ilé ìwòsàn ni iléeṣẹ́ wa ń ṣe, Ìyá Fáìlì ló sì ń tọ́jú ìwé wa títí ó fi sùn tí kò jí mọ́. Ìyá yìí kì í fún ẹni tí kò bá kí i ní fáìlì, ìbáà ṣe ọ̀gá. Ìkíni nìkan kò sì tó, o gbọ́dọ̀ béèrè orúnkún tó ń dùn ún.

"Orúnkún ńkọ́, mà?"

Yóò mí kanlẹ̀. "Ó ń yọ mí lẹ́nu, ọmọ mi." Ìgbà náà ni yóò tó nawọ́ sí pẹpẹ. Ẹni tó bá gbàgbé orúnkún, fáìlì rẹ̀ ti sọnù nìyẹn, ó di ọ̀la.

Nígbà tó kú, ọ̀gá wa, obìnrin tí kò fẹ́ràn eruku rárá, ní kí n ya gbogbo ìwé sínú kọ̀ǹpútà. Mo yà á tán, mo kó o sínú fódà kan ṣoṣo, mo sì sọ fódà náà ní "Ìyá Fáìlì". Ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ṣe. Ọ̀gá kò tilẹ̀ dúró ká dán an wò tó fi kó gbogbo bébà fún àwọn tó ń lọ̀ ọ́ di páálí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni obìnrin kan tó ń ra ẹrù fún ilé ìwòsàn ńlá dé. Ó fẹ́ ibùsùn tó bá èyí tí a ti ṣe fún wọn tẹ́lẹ̀ mu, kí táyà ọ̀kan lè wọ ìkejì.

"Ẹ fi àwòrán iṣẹ́ ti ìjọ́sí hàn mí, kí n tọwọ́ bọ̀wé," ló wí. "Bí kò bá sí, ẹ má bínú, ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ kejì ni mo kọrí sí."

Ẹ̀rù bà wá. Ọ̀gá ti sọ pé bí oṣù bá parí tí iṣẹ́ kò wọlé, òun á ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń jó irin wá dúró sí ojú fèrèsé, wọ́n ń wo ẹnu mi.

Mo tẹ "ibùsùn" sínú kọ̀ǹpútà. Kò sí nǹkan kan. Mo tẹ orúkọ ilé ìwòsàn. Kò sí nǹkan kan. Òógùn bò mí, síbẹ̀ otútù ń mú mi lẹ́sẹ̀. Ìpara kan rọra ń rùn bọ̀, èyí tó ń ta sánsán nímú, irú èyí tí wọ́n fi ń ra orúnkún.

Ọ̀gá tẹ orí sí mi létí. "O tún ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀ rẹ, àbí?"

"Ọ̀gá, mi ò bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan."

"Ojú ẹ jọ ọ́."

Kí ni ǹ bá ṣe? Mo tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: "Ẹ káàsán, mà. Orúnkún ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, àwòrán ibùsùn la fẹ́."

Fáìlì kan yọ jáde. Orúkọ tó ń jẹ́ rèé: "Ó ti san pátápátá, ọmọ mi. Mò ń sáré níbí."

Mo ṣí i. Àwòrán ibùsùn ni lóòótọ́, etí rẹ̀ ká.

Obìnrin náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó tọwọ́ bọ̀wé. Ariwo sọ! Àwọn tó ń jó irin ń fi irin lu irin. Wọ́n gbé ọkùnrin tó ń kun ibùsùn wa lọ́dà sórí ibùsùn alátáyà kan, wọ́n sì ń tì í yí ọgbà po, ó ń juwọ́ sí wa bí ọba.

Ọ̀gá fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Mo dárí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n má fi òkú ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́."

"Ọ̀gá, èmi kọ́."

"Ta ni nígbà náà?"

Mo ní Ìyá Fáìlì ni. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń purọ́, wọ́n ń gbà mí gbọ́. Ọjọ́ tí mo wá sọ òótọ́ ni wọ́n di ọlọgbọ́n.

Ọ̀gá ní òun á já irọ́ mi. Ó ní kí n dúró lẹ́bàá ògiri, kí n káwọ́ lérí. Ó jókòó sórí àga Ìyá Fáìlì, ó tẹ "ìwé àdéhùn". Kò sí nǹkan kan. Ó bojú wò mí. Ó wá tẹ ìkíni, ó tẹ orúnkún mọ́ ọn.

Fáìlì yọ. Orúkọ rẹ̀ ni: "O ti wá mọ bí wọ́n ṣe ń kíni. Dìde lórí àga mi."

Ọ̀gá fò dìde bí ẹni tó jókòó lé ìjàlọ. Àga náà fúnra rẹ̀ yí, ó kọjú sí tábìlì. Tìmùtìmù rẹ̀ sì rọra rì sílẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn jókòó lé e, fùù.

"Ẹ... ẹ jókòó dáadáa, mà," ni ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀, fáìlì wa kan kò sì sọnù mọ́. Iṣẹ́ pọ̀ débi pé a gba èèyàn sí i. Ọ̀gá ló ń kọ́kọ́ kí Ìyá Fáìlì láràárọ̀. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ń bi wá pé irú ètò wo la gbé sínú kọ̀ǹpútà wa, a ń dá wọn lóhùn pé ti ìyá wa kan ni.

Láàárọ̀ yìí, mo dé ṣáájú gbogbo wọn. Mo kí i, mo béèrè orúnkún. Fáìlì yọ.

"Tèmi dára. Ti òsì tìrẹ ńkọ́?"

Orúnkún òsì mi ti ń ro mí láti àná. Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan, títí kan ìyàwó mi.