Ọmọ Orí Afárá

Òjò náà kò kọ́kọ́ wínníwínní. Ó dà lójijì, gbogbo títì sì ṣófo àyàfi ọmọbìnrin kan tó ń sáré bọ̀, atẹ́ búrẹ́dì lórí, ọwọ́ kan di atẹ́ mú, ọwọ́ kejì ká etí aṣọ sókè, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ló rán òjò níṣẹ́.

Onírédíò, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tún rédíò ṣe, gbójú sókè nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó gbàgbé irin gbígbóná tó fi ń lẹ wáyà pọ̀, àfi ìgbà tó jó o níka.

"Ẹ yà síbí o!" ó pariwo.

Ọmọbìnrin náà wọlé, omi ń kán tótótó lára rẹ̀. Òjò kò tíì fọ ìyẹ̀fun tó wà ní irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó ṣì funfun báláú.

"Ẹ kú òjò, ìyá àgbà," Onírédíò kí i.

"Ìyá àgbà wo?" Ó wo ara rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n tó ti kú kan, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyẹ̀fun ni o! Ẹ̀yin ńkọ́, tí ẹ ń wo ẹni tó ń kọjá títí iná fi jó yín?"

Onírédíò fi ìka tó jó sẹ́nu.

Búrẹ́dì orí atẹ́ náà kì í ṣe ti títà. Ní ọ̀sán Sátidé, àwọn tí ogun tú ká máa ń pàdé nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan lẹ́yìn ọjà. Ẹni kọ̀ọ̀kan á dìde, á sọ ìtàn ilé rẹ̀: ta ló sọnù, ibo ni wọ́n ti rí i gbẹ̀yìn, irú aṣọ wo ló wọ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á dáhùn láti ẹ̀yìn pé òun mọ ẹni náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnikẹ́ni kò ní dáhùn. Wọ́n á kàn jẹ búrẹ́dì, wọ́n á sì jókòó ti ara wọn. Màmá ọmọbìnrin yìí ló ni ilé búrẹ́dì. Ọmọ náà ni wọ́n sì ń pè ní Oníbúrẹ́dì.

"Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wa ti ń ṣe wèrè," ó ní. "Tí èèyàn bá ń sunkún, òun a máa ké bí ológbò. Ẹ bá wa wò ó."

Onírédíò bá a lọ. Kí òjò tó dá, ẹ̀rọ ti gbádùn, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò lọ títí wọ́n fi túká. Sátidé kejì, ẹ̀rọ kò bàjẹ́, ó tún dé. Nígbà tó ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Oníbúrẹ́dì bi í bóyá rédíò ti tán nílùú ni.

"Ẹ̀rọ yẹn ń fẹ́ àbójútó," ó ní.

"Àbójútó ẹ̀rọ lẹ fi ń bá mi gbé atẹ́ délé?"

"Atẹ́ náà wúwo."

"Ó ti ṣófo, ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè é, nítorí ó fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ. Ó sì ní bó ṣe ń pè é, tí ọ̀rọ̀ náà á rọra fà, tí yóò máa dùn mọ́ Onírédíò nínú títí tó fi máa ti ṣọ́ọ̀bù. Ìfẹ́ wọlé sí àárín wọn báyìí, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí omi ṣe ń wọ amọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ Oníbúrẹ́dì lóminú. Olólùfẹ́ rẹ̀ a máa gbọ́ ìtàn gbogbo ayé, kì í sọ tirẹ̀. Tó bá bi í, á ní, "Ọjọ́ ń bọ̀."

Ọjọ́ náà dé nígbà tó lọ bá Màmá láti sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀. Yàrá òkè ilé búrẹ́dì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí, ooru ààrò ń gba abẹ́ pákó wọlé. Màmá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"O níwà, o sì mọṣẹ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n n kò lè fọmọ fún ẹni tí n kò mọ orírun rẹ̀. Ilé ta ni o ti wá?"

Onírédíò mí kanlẹ̀. "Mo kéré nígbà tí ogun lé wa dé afárá, Màmá. Bàbá mi ti kú. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọwọ́, wà lẹ́yìn ìyá mi. Àbúrò bàbá mi gbé mi lé èjìká, a sọdá. Nígbà tá a bojú wẹ̀yìn, a ò rí ìyá mi mọ́, àwọn sójà sì ti dí afárá. Ó pẹ́ gan-an kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù láti òdìkejì ààlà. Mo bi í pé àbúrò mi ńkọ́. Ó ní òun gbé e fún obìnrin kan tó ń sọdá, kó má bàa kú. Àbúrò mi yẹn ni mò ń wá. Òun ló gbé mi dé ìlú yìí."

Màmá rọra gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Afárá wo?"

"Ti onírin, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti já."

Màmá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "O mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo bí ọ. Mo ní ojú ọ̀nà ni mo ti rí ọ. Orí afárá yẹn ni. Obìnrin kan nà ọ́ sí mi láàárín èrò, ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á.' Mo gbà ọ́. Èrò tì mí síwájú, n kò rí ojú rẹ̀ dáadáa."

Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń lu ìyẹ̀fun pípò mọ́ tábìlì.

"Ẹ ní láti fi ara yín sílẹ̀," Màmá wí jẹ́jẹ́, "títí a ó fi mọ òótọ́."

Nígbà náà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè yanjú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹnu èèyàn ló kù.

Ní Sátidé, Oníbúrẹ́dì fẹ́ kí i. "Ẹ káàsán, ẹ̀..." "Ẹ̀gbọ́n" tó ti ń fi ṣeré ti di òkúta lẹ́nu rẹ̀. Onírédíò náà kò lè wò ó. Bó bá jẹ́ òun ni àbúrò rẹ̀, ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ló ń pín búrẹ́dì níwájú rẹ̀ yìí. Síbẹ̀, àdúrà tó ń gbà lọ́kàn ni pé kó má jẹ́ òun. Àdúrà náà ń tì í lójú.

"Ẹ ti sọ fún ìyá yín?" Oníbúrẹ́dì bi í lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ti pè wọ́n. Wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n ní kí n má tíì sọ nǹkan kan mọ́, àwọn ń bọ̀."

Ìjọba ti ń jẹ́ kí àwọn àgbàlagbà gba ààlà kọjá. Ìyá Onírédíò sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀, obìnrin kúkúrú tó gbé báàgì kékeré dání. Láti ọjọ́ afárá, ohùn nìkan ni òun àti ọmọ rẹ̀ mọ̀ nípa ara wọn. Kò dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè, ó fọwọ́ kan etí rẹ̀ méjèèjì.

"Etí bàbá rẹ nìyí," ó wí. Ìgbà náà ló tó bú sẹ́kún.

Nígbà tí wọ́n dé yàrá òkè ilé búrẹ́dì, Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bó bá jẹ́ tiyín ni, n kò ní bá yín du ú. Mo kàn bá yín tọ́ ọ ni." Ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

Ìyá gba ojú Oníbúrẹ́dì mú láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó wò ó pẹ́.

"Ó wù mí kí n sọ pé òun ni. Ta ni yóò rí irú èyí tí kò ní wù ú kó jẹ́ tòun? Ṣùgbọ́n òun kọ́." Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "N kò gbé àbúrò rẹ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tí wọ́n dí afárá, ibà mú un nínú igbó. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi sin ín lẹ́bàá odò. Nígbà tó o wá bi mí lórí fóònù, ohùn rẹ ṣì jẹ́ ohùn ọmọdé. Ẹnu mi kò gbà á. Mo ti rí obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó gbé ọmọ tirẹ̀ fún ẹni tó ń kọjá. Ìtàn rẹ̀ ni mo yá sọ fún ọ."

Oníbúrẹ́dì di apá Ìyá mú. "Ẹ rí i? Ẹ rí ìyá mi?"

"Mo rí i, ọmọ mi. Ó ga bíi tìrẹ. Aṣọ aláwọ̀ ewé ló wọ̀. Wọ́n ti gbé ọ lọ tán, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà síwájú bẹ́ẹ̀, kò mọ bó ṣe máa ká a. A jọ rìn títí dé ibi tí ọ̀nà pín. Láàyè ni mo fi í sílẹ̀."

Onírédíò ti bọ́ síta. Oníbúrẹ́dì bá a lórí àga gígùn iwájú ilé.

"Mo rí ọ gbà padà," ó ní, "àbúrò mi sì kú. Ṣé kí n máa yọ̀ ni?"

"Ẹ má yọ̀. Ẹ sunkún rẹ̀ tẹ́rùn ná." Ó jókòó tì í. "N kò lọ síbì kankan."

Ó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ní gbogbo àsìkò tí Onírédíò ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, búrẹ́dì gbígbóná kì í wọ́n lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó ń gbé e wá kì í kanlẹ̀kùn, kì í sì í béèrè ìgbà tí ọ̀fọ̀ máa tán.

Sátidé kan, Oníbúrẹ́dì kàn rí Onírédíò tó wọ gbọ̀ngàn wá. Ìyá àti Màmá jókòó ti ara wọn bí ìyàwó ilé kan náà. Ọkùnrin náà gba gbohùngbohùn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó sọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀, ó pe orúkọ ọmọ náà ketekete kí gbogbo ilé gbọ́ ọ.

"Ó ku ẹnì kan," ó wí. "Mò ń wá obìnrin kan. Ó ga. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé. Ó gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin fún ẹni tó ń kọjá lórí afárá onírin. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó sọ fún un pé ọmọ náà yè, ó ti dàgbà, ó sì ń ṣe búrẹ́dì."

"Kí ni obìnrin náà jẹ́ sí ọ?" bàbá kan bi í láti ẹ̀yìn.

"Àna mi ni, bàbá." Ó wo Oníbúrẹ́dì. "Ìyẹn bí ọmọ rẹ̀ bá gbà."

Ariwo ẹ̀rín sọ. Màmá na ìka sí i láti orí ìjókòó rẹ̀: "Àna tó wà níbí ńkọ́? Kọ́kọ́ kí èyí tó o rí, kó o tó máa wá èyí tó sọnù!"

Oníbúrẹ́dì gbé atẹ́ kalẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó rìn lọ síwájú. Ó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ilé," ó wí, "ẹ gbọ́ ohun tí ọkọ mi wí. Ẹ bá wa wá a."