Ẹni Tó Pààrọ̀ Ìyá Ẹlẹ́kún

"Èyí kọ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀."

Ìyá Aránṣọ ló sọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí ère. Àwọn afọ́jú méje tò sẹ́yìn rẹ̀. Amọ̀nà, obìnrin tó ń darí wọn, rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó rò pé àwàdà ni.

Ọjọ́ Ìfọwọ́kàn ni wọ́n ń pe ètò náà. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n kó ère ẹ̀sìn jọ sí yìí máa ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí kò ríran. Wọ́n á fọwọ́, wọ́n á nù ún gbẹ, wọ́n á bọ́ òrùka, wọ́n á wá fi ìka wo ohun tí àwọn yòókù ń fi ojú wò. Ère tí wọ́n fẹ́ràn jù ni Ìyá Ẹlẹ́kún, obìnrin onígi tó jókòó, tó tẹ́ ọwọ́ òfìfo sórí itan bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ilé àdúrà kan ló wà tẹ́lẹ̀. Ìyá tí ọmọ bá kú fún a máa wá fọwọ́ pa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìran márùn-ún ló pa ẹsẹ̀ náà títí ó fi jẹ wọlé.

"Ìyá, ẹsẹ̀ kan náà ni," Amọ̀nà wí. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n gbé e padà láti ibi tí wọ́n ti ń pa kòkòrò ara rẹ̀."

"Ìwọ ọmọ yìí, ogójì ọdún ni mo fi ránṣọ, méjìlá nínú rẹ̀ láìríran. Tí o bá gbé òwú fún mi, tí o ní sẹ́dà ni, ṣé màá gbà?" Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ Ìyá wa dà bíi aṣọ kọ́dúrọ́ọ̀ onílà-onílà tó ti gbó. Èyí ń yọ̀ bí àwo."

Amọ̀nà bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kàn án. Nínú igi, ìlà líle wà, ìlà rírọ̀ wà, wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn. Ọwọ́ ènìyàn a máa jẹ èyí tó rọ̀, á fi èyí tó le sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí igi tí ọwọ́ ti pa fún ọdún púpọ̀ fi máa ń ní gegele tí ojú kò rí. Sáńpépà kò mọ ìyẹn. Líle ni, rírọ̀ ni, á ha gbogbo rẹ̀ dọ́gba.

Ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ ìka Amọ̀nà dọ́gba.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọlọ́pàá ti dé. Ìdí ọ̀rọ̀ kò ṣòro. Lọ́dọọdún, ère máa ń lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú fíríìsà ńlá tó wà nísàlẹ̀, kí òtútù lè pa kòkòrò inú igi. Àgádágodo wà lẹ́nu fíríìsà náà. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ní, ọwọ́ Aṣọ́nà ló sì wà, ọkùnrin gíga kan tó ti ń ṣọ́ ilé náà fún ọdún mẹ́rìnlá.

"O gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹnìkan?" Ọ̀gá Ọlọ́pàá bi í. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ kò ròkè rí.

"Rárá, màdáàmù."

"Ó sọ nù lọ́wọ́ rẹ?"

"Rárá."

"Ìwọ lo wá mọ ibi tí ère wà nìyẹn."

"Màdáàmù, tí mo bá fẹ́ jalè, ṣé kọ́kọ́rọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ ni màá fi ṣe é?"

"Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kún àtìmọ́lé mi."

Wọ́n mú un lọ. Láti ọjọ́ kejì ni ìyàwó rẹ̀ ti ń wá jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láràárọ̀.

Wọ́n bi ọkùnrin tó ń tún ère ṣe nílé ìṣẹ̀ǹbáyé náà léèrè. Bàbá Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ohun tó bá fọ́, tó bá ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, o kò ní mọ ibi tó ti fọ́. Òun ló bí Amọ̀nà. Ó ní, "Nígbà tí wọ́n gbé e jáde nínú fíríìsà, inú àpò ọ̀rá tí wọ́n dì ni mo ti bá a. Mi ò lè ní Aṣọ́nà ló jí i, mi ò sì lè ní òun kọ́." Ó nu ojú rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Gbogbo èèyàn káàánú rẹ̀.

Ní ọjọ́ keje, Amọ̀nà sọ̀kalẹ̀ lọ wo fíríìsà náà fúnra rẹ̀. Ó yẹ àgádágodo wò, kò rí nǹkan kan. Ó wá ti fíríìsà kúrò lára ògiri. Irin méjì ló so ìdérí mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ìṣó mẹ́rin mẹ́rin, irú èyí tí wọ́n máa ń lọ́ wọlé. Eruku àti ìpẹtà bo gbogbo ẹ̀yìn àpótí náà, àfi orí ìṣó mẹ́jọ yẹn. Wọ́n ń dán. Ẹnìkan ti tú wọn, ó ti ṣí ìdérí láti ẹ̀yìn, ó sì ti dá wọn padà.

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́ lóun nìkan. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kì í gba ẹ̀yìn tú àpótí. Aṣọ́nà bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn nìyẹn.

Ó ń jáde lọ nígbà tó rí ayédèrú ère náà lórí tábìlì, ó sì dojú rẹ̀ dé kó lè wo ikùn rẹ̀. Gbogbo ère ńlá ni wọ́n máa ń gbẹ́ inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn kó má baà là. Ojú irin ìgbẹ́gi tò léra wọn níbẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja. Nínú ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìlà tín-ín-rín kan yọ sókè bí irun orí, lójú ibì kan náà. Ó fi èékánná kàn án.

Ó jókòó sílẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí irin ìgbẹ́gi bàbá rẹ̀, èyí tó tẹ̀ bíi ṣíbí, bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lu òkúta. Ẹnu rẹ̀ ṣẹ́ díẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́. Ó sunkún títí. Bàbá kò nà án. Ó ní, "Fi sílẹ̀. Tí mo bá ní kí n lọ̀ ọ́ kúrò, irin á kúrú. Àmì tìrẹ nìyẹn nínú iṣẹ́ mi." Láti ọjọ́ náà, ibikíbi tí irin yẹn bá gbà kọjá, ìlà tín-ín-rín náà á kù síbẹ̀.

Kò lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ilé ló lọ. Bàbá rẹ̀ ń jẹun.

"Bàbá, irin tí ẹnu rẹ̀ ṣẹ́ dà?"

"Ó wà nínú àpò. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo rí ojú rẹ̀ nínú ikùn Ìyá Ẹlẹ́kún."

Bàbá gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ta ló tún rí i?"

"Èmi nìkan."

"Kò tíì sí ẹni tó rí i nìyẹn."

"Bàbá, Aṣọ́nà wà látìmọ́lé."

"Wọn ò ní bá nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á tú u sílẹ̀."

"Ọmọ rẹ̀ ń pè yín ní bàbá àgbà."

"Mo mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń pè mí."

Amọ̀nà kúnlẹ̀. "Ṣé ẹ ti ta ère náà?"

"Ó ṣì wà níkàáwọ́ mi."

"Ẹ jẹ́ ká dá a padà. Ẹ ní ẹ rí i níbì kan. Èmi á bá yín gbé e."

Bàbá ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ó dáa. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, a ó jọ gbé e lọ." Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí. Amọ̀nà sùn bí ọmọ ọwọ́, ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọjọ́ méje.

Nígbà tó jí, ibùsùn bàbá rẹ̀ ti wà ní títẹ́. Àpò iṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Irin tí ẹnu rẹ̀ ṣẹ́ nìkan ló wà lórí tábìlì, lórí aṣọ ìnuwọ́ tó mọ́. Bàbá kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. Kò sì pọn dandan kó kọ ọ́. Ẹni tó bá sọ irin yẹn nù ti sọ ẹ̀rí nù.

Amọ̀nà fi aṣọ ìnuwọ́ náà wé e, ó sì gbé e lọ bá Ọ̀gá Ọlọ́pàá.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Lánàá."

"Iná wà lórí òrùlé, o wá sùn."

"Mo sùn, màdáàmù."

"Ta ló lè rà á lọ́wọ́ rẹ̀?"

Amọ̀nà ronú. Gbogbo Sátidé tí àpérò gbogboogbò bá wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ọkùnrin kan tó máa ń wọ ìbọ̀wọ́ funfun a máa jókòó ti bàbá rẹ̀, á máa yin ọwọ́ rẹ̀. Oníbọ̀wọ́ ni wọ́n ń pè é, wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Àwọn tó bá wá sí àpérò a máa kọ àdírẹ́sì wọn sínú ìwé àlejò. Wọ́n ṣí i. Ilé ìkẹ́rùsí kan ló kọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin akẹ́rù.

Wọ́n mú Amọ̀nà dání lọ, wọ́n bá ilé náà ní òfìfo. Èérún igi wà nílẹ̀, tíì inú ife ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí wọ́n ti ń wo ara wọn ni ọkọ̀ ojú irin fun fèrè níta, ó sì ń lọ.

Ọ̀gá Ọlọ́pàá fi fóònù pe ibùdókọ̀ tó kàn. Wọ́n ní ọkọ̀ náà kì í dúró lọ́dọ̀ àwọn. Ó pe èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní àwọn á dá a dúró. Mọ́tò wọn ń bá ojú irin lọ, ó pàdánù ọkọ̀ náà níbi tí ọ̀pá ìdènà ti sọ̀kalẹ̀ dí títì, ó tún rí èéfín rẹ̀ lókèèrè. Nígbà tí wọ́n dé, ọkọ̀ ti dúró. Wọ́n ṣí yàrá ẹrù àkọ́kọ́: àpò sìmẹ́ǹtì. Ìkejì: irin. Bí wọ́n ti ń fa ilẹ̀kùn ìkẹta, Oníbọ̀wọ́ bẹ́ sílẹ̀ lódì kejì, ó ń sá lọ lórí òkúta wẹẹrẹ. Bàtà olówó ńlá kò mọ òkúta í sá lé. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ìkejì ni wọ́n bá a.

Bàbá Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ kò sá. Orí àpótí ló jókòó sí, ó gbé ọwọ́ lé ìdérí.

"Ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ère kejì?" Ọ̀gá Ọlọ́pàá bi í.

"Èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Ogójì ọdún ni mo ti ń tún iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ṣe. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé èmi ni. Ọkùnrin yìí ní kò sí ojú tó máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni."

"Ẹ ò gba owó?"

"Mo gbà á. Mi ò ní parọ́ mọ́."

Ó wo ọmọ rẹ̀ tó dúró nísàlẹ̀. "Mo fi irin sílẹ̀ fún ọ."

"Mo rí i, Bàbá."

"Mo rò pé wàá jù ú sódò."

"Mo mọ̀ pé ẹ rò bẹ́ẹ̀."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ère ti padà sílé. Wọ́n pe Ìyá Aránṣọ lórí fóònù, ó ní, "Ẹ ṣé o," lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí fún Amọ̀nà. Ó kọ ọ́ láìdúró, àfi ìlà kan tó béèrè ohun tí ẹlẹ́rìí jẹ́ sí afurasí. Ó pẹ́ lórí ìyẹn. Ó kọ "ọmọ".

Aṣọ́nà jáde, àpò ọ̀rá kékeré lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú Amọ̀nà, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń dúpẹ́. Kò tíì gbọ́ èyí tó kù.

"Dìde," Aṣọ́nà wí. Wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un nínú àtìmọ́lé. Ó kọjú sí Amọ̀nà. "Ìwọ lo fa Bàbá lé wọn lọ́wọ́?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá wá wò mí níbí. O mọ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Ó mú búrẹ́dì wá. Ó bá mi bù ú. Ó ní kí n fara dà á, pé òótọ́ kì í pẹ́ yọ." Ó mi orí. "Mo jẹ búrẹ́dì náà. Mo tún ṣàdúrà fún un."

Kò dúpẹ́. Ó fa ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Amọ̀nà jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Lódì kejì ògiri, ẹnìkan wúkọ́. Ó mọ ikọ́ náà. Ó dìde, ó lọ bi ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà léèrè ìgbà tí wọ́n máa ń gbà kí èèyàn gbé oúnjẹ wọlé.