Ife Omi Ìyá Àgbà

Fèrè ọkọ̀ ló jí gbogbo àdúgbò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kíákíá ló ń fọn ọ́n. Awakọ̀ akẹ́rù ni, ó ti ń sáré láti ilé ìtajà kan dé òmíràn láti ọdún pípẹ́, débi pé Kíákíá ni gbogbo ayé ń pè é, kò sẹ́ni tó tún ń pè é ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ó ń jẹun kíákíá, ó ń wẹ̀ kíákíá. Bó bá sùn pàápàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa ta bíi pé ó ń tẹ bíréèkì.

"Ẹ jáde ká lọ! Òòrùn ò ní dúró dè wá o!"

"Ṣé àwa àti òòrùn la jọ ń lọ ni?" Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín, ẹ fi fèrè yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé àga Màmá."

Àga onítáyà ni. Orúnkún ìyá Kíákíá ti fiṣẹ́ sílẹ̀, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò fiṣẹ́ sílẹ̀ o! Ìyá àgbà yìí lè kọrin nípa bàtà tó sọnù, ó lè kọrin nípa ajá aládùúgbò. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ìròyìn òkun, kò sì fojú kàn án rí.

"Ẹ sáà jẹ́ kí n ti ẹsẹ̀ mi méjèèjì bọ inú òkun lẹ́ẹ̀kan," ó máa ń wí. "Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè dá mi padà sórí bẹ́ẹ̀dì mi."

Ìdí tí wọ́n fi gba ìsinmi nìyẹn, tí gbogbo ilé sì ń lọ sí etíkun.

Wọ́n ní ètò kan tí wọ́n fi ń ti àga náà. Ẹni tó bá dì í mú ni yóò máa tì í títí orin tí ìyá àgbà ń kọ á fi parí. Bí orin bá ti parí, ẹlòmíràn á gbà á. Ojúsàájú ìyá àgbà sì pọ̀ nínú ètò yìí! Bó bá kan Ẹlẹ́rìn-ín, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, orin á kúrú bí ìrù ewúrẹ́. Bó bá kan Kíákíá, orin á ní ègbè, ègbè á bí ẹsẹ, gbogbo rẹ̀ á tún ti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ṣé orin yìí ò ní parí ni?"

"Ó ku ẹsẹ kan, ọmọ mi. Ẹsẹ kékeré."

Lójú ọ̀nà, wọ́n yà sí ilé epo kan, ìyá àgbà ní òun fẹ́ tọ̀. Àga náà fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀ lọ. Kíákíá tì í, ó há. Ó fà á sẹ́yìn, ó tún tì í, ó tún há. Àwọn èèyàn ti tò sẹ́yìn wọn. Ẹlẹ́rìn-ín sáré lọ wá ilé ìtọ̀ mìíràn. Òógùn bo Kíákíá, ó bá pariwo:

"Màmá! Ṣé ẹ ti tún fẹ́ tọ̀ ni? A ò tíì pẹ́ tá a kúrò nílé! Ṣé báyìí la ó ṣe máa ṣe é títí a ó fi dé òkun?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lára àwọn tó tò. Ìyá àgbà ń na aṣọ tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n rí ilé ìtọ̀ tó fẹ̀, ó tọ̀, wọ́n sì ń bá ìrìn wọn lọ. Kí wọ́n tó bọ́ sójú títì, Kíákíá ti gbàgbé ohun tó sọ.

Ìyá rẹ̀ ò gbàgbé. Láti ìgbà náà ló ti ń sá fún omi. Nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n dé sí, bí wọ́n bá gbé ife omi fún un, á ní, "Ẹ gbé e síbẹ̀, mò ń bọ̀ wá mu ún." Bí wọ́n bá ti yíjú, á dà á sínú ìkòkò òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹni tó bá wọlé á bá ife òfìfo. Aránṣọ á rò pé Ẹlẹ́rìn-ín ló fún Màmá lómi, Ẹlẹ́rìn-ín á rò pé bàbá òun ni. Inú Kíákíá tiẹ̀ ń dùn.

"Ẹ ò rí Màmá? Wọn ò yọ wá lẹ́nu rárá!"

Lọ́jọ́ kejì, òòrùn mú gan-an. Kíákíá ní dandan, àwọn á rí gbogbo ìlú káwọn tó sọ̀ kalẹ̀ sí òkun. Wọ́n rọ́ wọ ilé àwòrán, wọ́n rọ́ jáde. Wọ́n gba inú ọgbà kọjá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Orin ìyá àgbà kúrú, ó di kíkùn nínú, ó sì dákẹ́. Kò sí orin, orin ò lè parí. Bí orin ò ṣe parí, kò sẹ́ni tó gba àga. Kíákíá nìkan ló ń tì í, ẹ̀yìn orí ìyá rẹ̀ ló ń wò.

"Bàbá mi, Ìyá àgbà ò kọrin látàárọ̀ o," Ẹlẹ́rìn-ín wí.

"Ó rẹ̀ wọ́n ni."

"Ètè wọn gbẹ."

"Atẹ́gùn òkun ni. Ẹ yára, ká débẹ̀ kí òòrùn tó wọ̀!"

Ọ̀nà etíkun dà gẹ̀rẹ́. Kíákíá kọjú àga sí ìsàlẹ̀, ó ń sáré tẹ̀ lé e. Lójijì ni ìyá àgbà tẹ̀ síwájú bí aṣọ tó já lórí okùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yọ kúrò lórí ìtẹ́sẹ̀, ó ń wọ́ nílẹ̀. Aránṣọ fò mọ́ ọn, ó di aṣọ rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn. Ẹlẹ́rìn-ín bọ́ síwájú, ó fi àyà gba àga dúró.

"Màmá! Màmá mi!"

Ìyá àgbà la ojú. Ó wo Kíákíá pẹ́, kò mọ̀ ọ́n. Ìyá tó bí i ló wá ń bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọdé tí ẹ̀rù bàbá rẹ̀ ń bà:

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò ní tọ̀ mọ́."

Òkun ń pariwo nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó bojú wò ó.

Ní ọsibítù, dókítà béèrè, "Ta ló fún wọn lómi kẹ́yìn?"

"Ìwọ ni, àbí?" Aránṣọ bi ọmọ rẹ̀.

"Èmi kọ́, Mọ́mì. Mo rò pé ẹ̀yin ni."

"Ìgbà wo ni wọ́n tọ̀ kẹ́yìn?" dókítà tún béèrè.

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìgbà náà ni Aránṣọ kígbe. "Ìkòkò òdòdó! Omi ń ṣàn ní ìdí rẹ̀ láàárọ̀, èmi ni mo nù ún. Mo tún ń bú òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì!"

Kíákíá fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni. Ohun tí mo sọ ní ilé epo ni."

"Omi ti gbẹ lára wọn," dókítà wí. "Òùngbẹ kì í sábà hàn sí àgbàlagbà bó ṣe ń hàn sí wa, ẹ má dúró títí wọ́n á fi béèrè. Ẹ máa fún wọn díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n mu ún lójú yín. Tí dókítà bá ti dín omi kù fún ẹnìkan nítorí àìsàn ọkàn tàbí ti kíndìnrín, ìwọ̀n tó sọ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Àmọ́ bí ètè bá gbẹ, bí ìtọ̀ bá dúdú tàbí tó dáwọ́ dúró, bí ọ̀rọ̀ wọn bá ń dàrú, ọsibítù ló kàn. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti kánjú."

Aránṣọ sọ bí ìyá àgbà ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

"Ẹ̀yìn lẹ ó fi máa sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́," dókítà fèsì. "Kí ẹni tó di àga mú wà nísàlẹ̀, kó máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tó jókòó kọjú sókè. Ẹ so bẹ́líìtì mọ́ wọn, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà lórí ìtẹ́sẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì dúró, ẹ fa bíréèkì méjèèjì."

Ìyá àgbà ò kú. Ṣùgbọ́n orí bẹ́ǹṣì ọsibítù ni ìsinmi náà parí sí. Kíndìnrín rẹ̀ ti fara gbọgbẹ́, yóò máa lọ fún àyẹ̀wò. Láwọn àárọ̀ mìíràn, ó ṣì ń pe ọmọ rẹ̀ ní bàbá rẹ̀. Dókítà ní kò gbọdọ̀ rin ìrìn jíjìn mọ́. Ẹsẹ̀ tó tìtorí òkun kúrò nílé ò kan òkun. Inú ọkọ̀ ló ti wò ó bí wọ́n ṣe ń padà, títí ilé fi bò ó mọ́ ọn lójú.

"Ó tóbi," ó wí. "Ó tóbi ju bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lọ."

Kíákíá yà sí ilé epo kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó yà. Ó dá lọ wo ilé ìtọ̀, ó fi apá rẹ̀ méjèèjì wọn ẹnu ọ̀nà. Ó padà wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má gbọ́.

"Màmá, ilé ìtọ̀ wà níbí, ó fẹ̀ dáadáa. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, èmi rèé. A ò kánjú."

Ìyá àgbà wò ó. Ó na ọwọ́ sí ife omi tí Aránṣọ gbé dání, ó mu ún tán. Nígbà tó ṣe, ohùn jẹ́jẹ́ kan jáde:

*Omi tútù, wọlé wá o,*
*Bó o bá fẹ́ jáde, máa jáde.*
*Ọmọ mi dúró dè mí,*
*Ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.*

Orin náà gùn. Kíákíá ò béèrè ìgbà tí yóò parí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní arúgbó nílé, ẹ mú wọn jáde, kí inú wọn dùn. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó béèrè ibi tí ìgbádùn wà, ẹ béèrè ibi tí ilé ìtọ̀ tó fẹ̀ wà. Lójoojúmọ́, ẹ fi omi wọn sí ìkáwọ́ ẹnìkan pàtó, kó má di pé kálukú ń rò pé ẹnìkejì ti ṣe é. Ẹ má fi ìtọ̀ dójú ti ẹni tó nu ìtọ̀ tiyín. Bí ẹni tó máa ń kọrin bá sì dákẹ́, ẹ dá àga náà dúró, ẹ fa bíréèkì, kẹ́ ẹ bọ́ síwájú, kẹ́ ẹ wo ojú rẹ̀.