Ìtọ́kasí Kọkànlélógójì

Ogójì ìwé ni Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ nínú lẹ́tà tó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ pé òun tọ́ka sí. Nígbà tí Ìyá Kọ́mà ka àkójọ tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ náà, mọ́kànlélógójì ló bá níbẹ̀. Ó tún un kà, ó ń fi ìka tọ ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń ka ọmọ adìẹ wọnú àgò. Iye yẹn náà ni.

Àwọn ará ọ́fíìsì ló sọ ọ́ ní Ìyá Kọ́mà, torí pé ó lè tìtorí kọ́mà kan ṣoṣo dá iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé padà lẹ́ẹ̀mẹta. Òun ló ń tún ìtọ́kasí ṣe fún ìwé àtìgbàdégbà kan tí àwọn onímọ̀ ìlera ń tẹ̀ jáde. Orúkọ òǹkọ̀wé ṣáájú, ọdún tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà àkọlé àti ojú ewé. Òfin kan wà tí kì í fi ṣàwàdà rárá: ìwé tí a kò bá dárúkọ nínú iṣẹ́ gan-an kò gbọdọ̀ jókòó sínú àkójọ ẹ̀yìn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ń pè ní àlejò àìpè, kì í sì í bi ẹnikẹ́ni kó tó pa á rẹ́. Ó máa ń fọ́nnu pé láti bí ọdún mẹ́rin tí òun ti dé ibẹ̀, àlejò àìpè kan kò tíì gba ọwọ́ òun dé ilé ìtẹ̀wé.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni àlejò tòní jókòó sí, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà A ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, òkè ló yẹ kó wà. Ìyá Kọ́mà ti na ọwọ́ láti pa á rẹ́ kó tó fara balẹ̀ ka orúkọ náà. Ọwọ́ rẹ̀ kò dé ibi tó ń lọ. Orúkọ àbúrò rẹ̀ ni.

Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí àbúrò náà ti kú. Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kan náà ni. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, tó ń wọn èémí àwọn tó ń fọ́ ọ, tó ń kọ iye ìgbà tí wọ́n ń wúkọ́ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, títí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ikọ́ náà ló gbé e lọ kó tó dé iwájú àwọn tí yóò yẹ ìwádìí rẹ̀ wò. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n wá fi ránṣẹ́ yìí, èémí àwọn afọ́kúta ló dá lé. Kò sí orúkọ àbúrò nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àfi ìlà kan ṣoṣo yẹn lẹ́yìn: orúkọ rẹ̀, ọdún tó kú, àkọlé ìwádìí rẹ̀, àti gbólóhùn kan pé, "A kò tíì tẹ̀ ẹ́ jáde."

Inú Ìyá Kọ́mà kọ́kọ́ dùn. Ó ní ojú ti Ọ̀jọ̀gbọ́n nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín. Ó tẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n láago, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ibi tí àwọn yóò ti dárúkọ ọmọ náà nínú iṣẹ́, kí ìtọ́kasí náà lè dúró.

"Èmi kọ́ ni mo fi síbẹ̀," Ọ̀jọ̀gbọ́n ní. "Yọ ọ́. Àwa méjèèjì la jọ mọ bí o ṣe dé orí àga tí o jókòó lé yẹn."

Ìyá Kọ́mà pa á rẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún di mọ́kànlélógójì. Ìlà náà ti padà, ó sì ti gùn sí i, torí pé ojú ewé ti wọ inú rẹ̀: ojú ewé kẹtàlélọ́gọ́ta. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ọ́fíìsì wò ó lọ wò ó bọ̀, ó ní ọwọ́ kankan kò kan iṣẹ́ náà láti àná, àfi ọwọ́ Ìyá Kọ́mà fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà dìde, Ìyá Kọ́mà rí i pé eruku funfun kan bo gbogbo orí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà òun. Ó fi ìka ra á. Ó le bí iyẹ̀pẹ̀ òkúta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ó sáré lọ sílé, ó fa àpótí kan jáde lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó ṣí ìwádìí àbúrò rẹ̀ sí ojú ewé yẹn. Ó ka ìtàn obìnrin kan níbẹ̀ tó máa ń kọrin bó ṣe ń fọ́ òkúta, kó má bàa gbọ́ ikọ́ ara rẹ̀. Obìnrin yìí kan náà wà nínú iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n, pẹ̀lú orin rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kò yàtọ̀. Ìyá Kọ́mà ti àpótí padà, ó lọ sí ibi iṣẹ́, ó tún pa ìlà náà rẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ìlà náà tún ti padà, gbólóhùn tuntun sì ti kún un. Wọ́n máa ń kọ ibi tí a ti lè rí ìwé tí a kò tíì tẹ̀ jáde, òun náà sì mọ òfin yẹn dáadáa. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni: "Ó wà lábẹ́ ibùsùn ẹ̀gbọ́n òǹkọ̀wé."

Kò sí ẹ̀dá alààyè tó mọ̀ pé abẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni ìwé náà wà. Ó ti sọ fún ìyá wọn pé ilé ìwòsàn dáná sun gbogbo ẹrù olóògbé. Irọ́ ni. Kí ọ̀sẹ̀ ìsìnkú tó parí ló ti ṣe ẹ̀dà ìwádìí náà, tó sì gbé e fún Ọ̀jọ̀gbọ́n, nítorí pé ó ti tó ọdún méjì tí òun fúnra rẹ̀ ti ń wáṣẹ́ kiri. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ dé láti ọ́fíìsì yìí, níbi tí ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń múlẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ nígbà náà pé kí ni òkú fẹ́ fi ìwé ṣe.

Ó ṣì lè tún un ṣe. Kó kàn dárúkọ ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin olórin yẹn, ìtọ́kasí yóò di ojúlówó, àlejò yóò di onílé, Ọ̀jọ̀gbọ́n yóò sì lé òun kúrò níṣẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn àga rẹ̀, díẹ̀ báyìí, bí ẹni tí kò fẹ́ dí èèyàn lọ́wọ́. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ohùn náà ní, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ẹ ṣáà jẹ́ n jókòó síbẹ̀."

"Dárí jì mí," Ìyá Kọ́mà sọ lábẹ́nu. "Mo lọ́mọ tí mò ń bọ́."

Ó pa á rẹ́, ó sì fi aṣọ ìnujú nu eruku kúrò lórí bọ́tìnnì. Ìtìjú bò ó, àmọ́ ìtìjú kò ní kó má parí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìlà náà kò padà mọ́. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde pẹ̀lú ogójì ìtọ́kasí, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì kọ̀wé ìdúpẹ́ sí i pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni màmá Ìyá Kọ́mà pè é lórí fóònù. Ó ń tún pálọ̀ ṣe ni, ó wá rí ohun kan tí kò yé e.

"Ọmọ mi, ta ni ọmọbìnrin tó dúró tì ẹ́ nínú fọ́tò ara ògiri mi yìí?"

Ìyá Kọ́mà rẹ́rìn-ín. Kò gbọ́ ẹ̀rín ní ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò mi mà ni, Màmá."

"Àbúrò rẹ wo? Kí ni wọ́n ń pè é?"

Ó la ẹnu láti dárúkọ rẹ̀. Orúkọ tó ti ń pè láti kékeré, kò sí lẹ́nu rẹ̀, kò sí nínú orí rẹ̀. Ó ju fóònù sórí ibùsùn, ó kúnlẹ̀, ó fa àpótí jáde. Ìwé náà pé, kò sí ewé kan tó já níbẹ̀, àmọ́ funfun báláú ni láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò sí orúkọ, kò sí ọ̀rọ̀, kò sí obìnrin tó ń kọrin. Ó tún ìwé náà ṣí láti ẹ̀yìn wá síwájú, omijé rẹ̀ ń kán sórí bébà.

Ìyá rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà tó gbé fóònù padà sétí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti ẹni tó ń tu èèyàn nínú.

"Ìwọ nìkan ni mo bí, ọmọ mi. Mo sunkún títí nígbà yẹn pé kí Ọlọ́run fún mi ní èkejì, kò fún mi."